Ìsìnkú Kànga Kan Lọ́nà Erúnmu

Omi inú ọ̀rá ni wọ́n fi gbà mí lálejò. Àbúrò mi obìnrin gbé méjì wá lórí àwo, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, kànga ti gbẹ." Oṣù Kejì ni. Eruku ti sọ ewé gbáàgúdá di pupa, àti láti ìgbà tí mo ti sọ̀ kalẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ́dá títí mo fi dé abúlé ọkọ rẹ̀ lọ́nà Erúnmu, "ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀" ni gbogbo ẹni tí mo bá pàdé ń kí mi.

Wọn kì í kí wa bẹ́ẹ̀ nílé. Ọmọ Ìlàjẹ ni mí, létí òkun ìpínlẹ̀ Oǹdó. Orí òpó ni ilé bàbá mi dúró sí, ọkọ̀ la ń wà lọ sílé ìwé, omi a sì máa wọlé kí wa láìkan ilẹ̀kùn. Àmọ́ omi oníyọ̀ ni. Kò ṣeé mu, ọṣẹ kì í sì í hó nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìyá wa fi dúpẹ́ lọ́jọ́ tí àbúrò mi bá ọkọ rẹ̀ lọ sí ìgbèríko Ìbàdàn: ọmọ òun ń lọ síbi tí wọ́n ti ń fa omi dídùn láti inú ilẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, ilẹ̀ ọ̀hún a máa háwọ́. Ìhà ọ̀nà Ifẹ̀ kan náà yìí ni ìsédò Aṣèjìrẹ́ wà, tí wọ́n parí lórí odò Ọ̀ṣun ní 1972. Omi rẹ̀ ń gba àdúgbò yìí lọ sí ìgboro Ìbàdàn. Ní abúlé, ọ̀rá ni wọ́n ń fi eyín já.

Èmi náà dá owó sí kànga ẹ̀rọ tí àwọn àna mi fẹ́ gbẹ́. Wọ́n sì ní kí n wá dúró tì í, nítorí mo ti ṣiṣẹ́ rí lórí ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fi ń gbẹ́po. Ọdún méjì péré ni, iṣẹ́ lébìrà sì ni, ṣùgbọ́n lójú ará abúlé, ẹni tó bá ti fọwọ́ kan irin rí, ẹnjiníà ni. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́: èmi náà gbà á bẹ́ẹ̀. Késìǹ ni iṣẹ́ tí a ń ṣe nígbà yẹn, páìpù tí wọ́n ń kì bọ inú ihò kí ògiri rẹ̀ má baà wó. Ní ti kànga epo, irin ni. Èyí tó fẹ̀ jù, tó sì kúrú jù, ni wọ́n kọ́kọ́ ń kì bọ̀ ọ́. Wọ́n á gbẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá, wọ́n á ki èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀ sí i, tí yóò jìn jù ú lọ. Wọ́n á tún gbẹ́, wọ́n á tún ki òmíràn. Bí ẹni tó ń wọṣọ láti òde wá sínú ni: agbádá ló kọ́kọ́ wọ̀, dàńṣíkí tẹ̀ lé e, àwọ̀tẹ́lẹ̀ ló kẹ́yìn. Sìmẹ́ǹtì ni wọ́n ń fún sáàárín aṣọ kan àti èkejì, wọ́n á tì í gba inú páìpù lọ sísàlẹ̀, yóò yí po, yóò sì gba ẹ̀yìn páìpù gòkè wá. Kànga Oloibiri, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ rí epo tó ṣeé tà ní Nàìjíríà ní 1956, jìn ju 3,600 mítà lọ. Kí wá ni ihò omi ọgọ́ta mítà lẹ́yìnkùlé àna ẹni?

Alẹ́ ọjọ́ yẹn, ìyá ọkọ àbúrò mi, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà, ro àmàlà fún mi. Gbẹ̀gìrì lápá kan, ewédú lápá kejì, ọbẹ̀ ata jókòó láàárín bí onílàjà. Ẹran ló wà nínú rẹ̀. Nílé wa, oúnjẹ tí kò bá ní ẹja, ìpápánu ni. Mo sì ti gbé ẹja gbígbẹ wá, mo gbé púpurú wá pẹ̀lú. Ìyá Àgbà yí ọ̀kan lọ́wọ́, ó gbóòórùn rẹ̀, ó fi èékánná ha ara rẹ̀ tó ti dúdú títí ó fi rí funfun inú.

"Gbáàgúdá lèyí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni: a rẹ ẹ́, a fún un gbẹ, a mọ ọ́n róbótó, a wá tò ó sókè àdògán kí èéfín máa rẹ́ ẹ lára.

"Ẹ fi èéfín ránsọ fún un," ó wí, ó sì gbé e kalẹ̀ tìfẹ́tìfẹ́.

Ọmọ Ìbàdàn pọ́ńbélé ni, kò sí "ṣ" lẹ́nu rẹ̀: "sé" ni, "isẹ́" ni, "asọ" ni. Èmi náà, bí mo bá gbàgbé ara mi, "eghó" ni mò ń pe owó. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ kan, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ní kí n tún un wí. Mo tún un wí. Ó sáré jáde lọ sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́, mo ti di Bọ̀ọ̀dá Eghó ní gbogbo abúlé.

Mo bọ́ sẹ́yìnkùlé láti ṣan ọwọ́. Igi ewúro kan dá dúró níbẹ̀, mo fẹ́ da omi ọwọ́ mi sídìí rẹ̀, àfi bí ọmọ yẹn ṣe pariwo: "Wọn kì í da omi síbẹ̀, kànga ni!" Mo wò ó títí, n kò rí kànga kankan. Ìyá Àgbà tẹ̀ lé wa jáde.

"Kànga ọkọ mi ni," ó wí. "Ó ti kú. A ti sin ín."

Ó ní àwọn agbẹ́kànga méjì ló gbẹ́ ẹ, pẹ̀lú dígà, ọkọ́, okùn àti garawa. Wọ́n gbé ríìngì kọnkéré lélẹ̀, ọ̀kan wọ inú rẹ̀, ó ń gbẹ́ ìdí rẹ̀, ríìngì ń fi ìwúwo ara rẹ̀ rì. Wọ́n gbé èkejì lé e, ó tún rì. Bẹ́ẹ̀ ni títí wọ́n fi kan òkúta. Kànga yẹn sìn wọ́n lọ́pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n òun ló máa ń kọ́kọ́ gbẹ ní abúlé, nígbà tó sì yá, òjò dé, kò mú omi jáde. Ọkọ rẹ̀ ní kí wọ́n yọ ríìngì méjì òkè, kí wọ́n kó yangí àti amọ̀ dí i, kí wọ́n fi odó kì í mọ́lẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà ó gbin ewúro lé e.

"Kí ni ewúro wà fún, Ìyá?"

"Kí ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé má baà kọ́lé lé e lórí. Ẹ má da omi sí i o. Kànga tó ti kú, ó sì ń mumi."

Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo wọlé lọ sùn. Lórí iṣẹ́ tí mo ṣe rí, bí kànga epo bá ti ṣe tán, wọ́n á fi sìmẹ́ǹtì dí i níbi mélòó kan láti ìsàlẹ̀ wá sókè, wọ́n á gé orí késìǹ kúrò lábẹ́ ilẹ̀, wọ́n á bò ó. Ohun tí ìyá arúgbó yẹn sọ fún mi kò yàtọ̀ sí i. N kò tilẹ̀ so méjèèjì pọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìtàn àgbà ni mo pè é.

Ọ̀gá àwọn ẹlẹ́rọ tó dé lọ́jọ́ kejì kò ju ẹni ọgbọ̀n ọdún lọ. Ó kàwé lórí ọ̀rọ̀ òkúta àti ilẹ̀. Ó ti wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó gún irin mẹ́rin mọ́lẹ̀ lórí ìlà kan, ó fi wáyà so wọ́n, ó rán iná mànàmáná wọ inú ilẹ̀ láti mọ ibi tí omi lè wà. "Schlumberger la lò," ó sọ fún mi, bí ẹni ń sọ orúkọ aládùúgbò. Ẹnu yà mí. Mo mọ orúkọ yẹn lára aṣọ àwọn òyìnbó tó máa ń wá sórí ọkọ̀ wa, tí wọ́n á sọ irinṣẹ́ wọn sínú kànga, tí ẹnikẹ́ni nínú àwa lébìrà kò gbọdọ̀ sún mọ́. Ará Faransé ni Conrad Schlumberger. Ní 1912 ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi iná mànàmáná béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ilẹ̀, ní 1927 sì ni wọ́n kọ́kọ́ sọ irinṣẹ́ rẹ̀ sínú kànga epo ní Pechelbronn, ní ilẹ̀ Faransé. Orí ilẹ̀ lásán ló ti bẹ̀rẹ̀, bí ọ̀dọ́mọkùnrin yìí náà ṣe ṣe é láàárín oko gbáàgúdá. Ohun tí mo pè ní ti epo kì í ṣe ti epo nìkan láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ariwo kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ gba gbogbo abúlé kan. Bí ọ̀pá irin kọ̀ọ̀kan bá ti wọlẹ̀ tán, ọmọ iṣẹ́ kan á bu díẹ̀ nínú ohun tí afẹ́fẹ́ gbé jáde, á dà á jọ sórí pákó, òkìtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì, bí ìyá oníyẹ̀fun tó pàtẹ. Yangí pupa ló kọ́kọ́ jáde. Amọ̀ aláwọ̀ ẹyin tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà erùpẹ̀ funfun kan tó ń dán gbinrin nínú oòrùn, òkúta tó ti jẹrà títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di iyẹ̀pẹ̀. Ọ̀gá ní ibẹ̀ gan-an ni omi máa ń fara pamọ́ sí lágbègbè Ìbàdàn, ibẹ̀ àti ibi tí àpáta abẹ́ rẹ̀ bá ti sán. Ní mítà 15, ìró òòlù yí padà, eruku di àwọ̀ eérú. A ti kan àpáta.

Wọ́n dúró, wọ́n ki páìpù oníke bọ apá tó rọ̀ yẹn, mítà mẹ́ta mẹ́ta, wọ́n ń so wọ́n pọ̀. Lẹ́yìn náà ni òòlù gba inú páìpù wọ àpáta lọ. Mo dúró kí wọ́n tún ki òmíràn. Wọn kò ki nǹkan kan. Ogún mítà, ọgbọ̀n mítà, ihòòhò ni ihò ń lọ.

Mo tọ ọ̀gá lọ, mo fi ìmọ̀ mi hàn. "Ẹ ò fi késìǹ sí ìsàlẹ̀ ni? Kò ní wó?"

"Ẹ̀yin ará omi," ó wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Àpáta ni, sà. Kò lè wó. Ibi tí ilẹ̀ bá ti lè dá dúró, a máa ń fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Lọ́dọ̀ wa, kò sí ibi tí ilẹ̀ ti lè dá dúró. Iyanrìn àti ẹrẹ̀ ni, lórí iyanrìn àti ẹrẹ̀ mìíràn. Bí wọ́n bá gbẹ́ kànga omi ní Ìlàjẹ, láti òkè dé ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń ki páìpù sí, iṣẹ́ páìpù náà sì ju kí ògiri má wó lọ: òun ló ń dènà omi oníyọ̀ tó wà lókè kó má baà ya wọ omi dídùn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Láti kékeré ni mo ti gbà pé ihò tí kò ní páìpù, ẹnu tó fẹ́ pa dé ni. Mo wo ihò yìí tó la ẹnu sílẹ̀ nínú òkúta láìsí ohun tó gbá a mú, ó sì ń bà mí lẹ́rù díẹ̀.

Omi kò wá. Mítà 50, eruku. Mítà 60, eruku. Gbogbo wa funfun láti orí dé ẹsẹ̀, a di arúgbó lọ́sàn-án gangan. Àbúrò mi àti àwọn obìnrin ilé gbé ẹ̀bà fún àwọn ọmọ iṣẹ́, wọ́n jẹ ẹ́ láìsọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní mítà 66, ọ̀gá gbé ọwọ́ sókè. Kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ dákẹ́, a tún wá gbọ́ adìẹ.

Ibi kejì tí omi lè wà ti wà nínú ìwé rẹ̀, ní apá ibi tí igi obì wà. Ọ̀la ni wọ́n máa gbẹ́ ìyẹn. Owó páìpù ti gun òkè, nítorí náà wọ́n so ẹ̀wọ̀n mọ́ késìǹ tí wọ́n kì bọ̀ ọ́, wọ́n fẹ́ fà á jáde kí wọ́n lè lò ó lọ́jọ́ kejì. Ọmọ iṣẹ́ kan ti ń yí òkúta pẹlẹbẹ kan bọ̀ tó máa fi bo ojú ihò. Ìyá Àgbà dìde lórí àpótí tó jókòó sí.

"Níbo lẹ ń gbé asọ rẹ̀ lọ?"

Ọ̀gá kò gbọ́ ọ yé. "Ẹ̀yin Ìyá, páìpù la fẹ́ yọ. Ihò yìí kò ní omi."

"Mo rí i pé kò ní. Ó ti kú. Ẹ wá ń bọ́ asọ lára òkú, ẹ ò sì tíì sin ín."

Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá fi ọ̀wọ̀ ṣàlàyé pé òjò á kó erùpẹ̀ dí i fúnra rẹ̀, pé ihò ọ̀hún kò fẹ̀ ju àwo ọbẹ̀ lọ. Mo gbè é lẹ́yìn. Mo ní, "Ìyá, ihò gbígbẹ lásán ni, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀."

Ó yíjú sí mi. Àna rẹ̀ ni mí, kò lè sọ̀rọ̀ sí mi bó ṣe wù ú, ó sì rọra sọ ọ́: "Lọ́dọ̀ yín, àwọn elépo ń gbẹ́ tiwọn. Tó bá tán, sé wọ́n ń sin ín?"

Kí n tó la ẹnu, àbúrò mi dáhùn láti ibi àdògán: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sọ ti Ororo fún wọn."

N kò fẹ́ sọ ọ́. Kò sí ọmọ Ìlàjẹ tí kò mọ̀ ọ́n. Ororo-1 ni wọ́n ń pe kànga náà, inú òkun ni, kò jìn sí Awoye. Ní 1986 ni wọ́n gbẹ́ ẹ. Wọ́n pa á dé, wọ́n fi í sílẹ̀ níbẹ̀ fún ohun tó ju ọgbọ̀n ọdún lọ. Nígbà tí wọ́n tún padà sí i ní 2020, oṣù Karùn-ún, ohun tó wà nísàlẹ̀ bú jáde, iná sì sọ lójú omi. Ó ju ọdún mẹ́ta lọ tí iná ọ̀hún fi ń jó. Ẹ fojú inú wo iná tó ń jó lórí òkun lóru, tí àwọn apẹja ń fi í mọ ọ̀nà, tí wọ́n sì ń sá fún un. Kànga tí gbogbo wa ti gbàgbé pé ó wà ni.

Mo sọ ọ́, n kò sì lè dákẹ́ mọ́. Mo sọ ti Agbábù fún wọn, ní ọ̀nà Òrè, níbi tí wọ́n mú wa lọ wò nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Nigerian Bitumen Corporation bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀dà ilẹ̀ lágbègbè yẹn ní 1908, ogun àgbáyé àkọ́kọ́ dé ní 1914, wọ́n kó ẹrù wọn, wọ́n lọ. Páìpù irin kan ṣì yọ orí níbẹ̀ títí di òní. Bí oòrùn bá mú, ọ̀dà dúdú á máa sun jáde lẹ́nu rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Àwọn tó kì í bọlẹ̀ ti kú, ilé-iṣẹ́ wọn ti kú. Àwa ọmọ ilé ìwé fi igi tọ́ ọ, a fi kọ orúkọ wa sára ògiri.

"Òfin ti wà báyìí," mo wí, kí ọ̀rọ̀ ilé wa má baà burú jù. "Ní 2021, ìjọba ṣe òfin epo tuntun. Ó ní kí ilé-iṣẹ́ máa dá owó ìsìnkú kànga pa mọ́ nígbà tí kànga ṣì wà láàyè."

Ìyá Àgbà mi orí. "Ẹgbẹ́ ìsìnkú nìyẹn. Ó dáa." Ó ronú díẹ̀. "Ta ni akápò wọn?"

Ẹ̀rín pa wá, ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín. Ìyàwó ilé kejì ló sọ ọ̀rọ̀ tó pa ẹ̀rín náà: "Ẹ ò rántí ọmọ Morocco yẹn?" Gbogbo wa rántí. Inú fóònù la ti wò ó, oṣù Kejì 2022: ọmọ ọdún márùn-ún tó jìn sínú kànga gbígbẹ, mítà 32, tí ihò náà há débi pé àgbàlagbà kò lè wọ̀ ọ́ lọ gbé e. Wọ́n gé òkè kan lulẹ̀ láti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún ni gbogbo ayé fi dúró. Wọ́n gbé e jáde, ó ti kú. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó sọ mí ní Bọ̀ọ̀dá Eghó dúró sí ẹ̀gbẹ́ òkúta pẹlẹbẹ yẹn, ó ń fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ tì í.

Ọ̀gá jókòó sórí páìpù. Ẹ̀yìn ìgbà náà ló sọ ohun tí òun náà ti mọ̀ láti àárọ̀. Ó ní ìwé ìlànà ìgbẹ́ kànga wà ní Nàìjíríà, pé ó yẹ kí wọ́n dí èyí tó bá kùnà, pé kò sí ẹni tó ń san owó rẹ̀ ni. Ó ní àgbàrá àkọ́kọ́ kò ní dí ihò bẹ́ẹ̀. Inú rẹ̀ ni yóò ṣàn lọ. Ó nawọ́ sí oko adìẹ tó wà lókè, ọ̀kan nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ tó wà káàkiri Ẹ̀gbẹ́dá. Bí wọ́n bá fọ ilé adìẹ, tí òjò sì gbé ìgbẹ́ wọn wálẹ̀, ihò tí a fi sílẹ̀ ni ọ̀fun tí yóò gbé e mì. Yóò gba inú àpáta tó sán, yóò sì jáde nínú kànga aládùúgbò.

"Mo sọ fún àna mi lánàá," Ìyá Àgbà wí. "Mo ní ó sì ń mumi."

Mo wo ilẹ̀.

Gbogbo ọ̀sán yẹn ni a fi sin ihò náà, iṣẹ́ náà sì le ju bí mo ṣe rò lọ. Ọ̀gá ní kí wọ́n má fa késìǹ jáde lẹ́ẹ̀kan náà, kí ògiri apá òkè má baà ya lulẹ̀ kó dí ọ̀nà; bí a bá ṣe ń kún un ni kí wọ́n máa fà á gòkè díẹ̀díẹ̀. Báyìí ni òun rí páìpù rẹ̀ gbà, tí Ìyá Àgbà náà sì rí ìsìnkú rẹ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ fi ṣọ́bìrì da òkúta wẹ́wẹ́ sí i gbàgà gbàgà. Kò pẹ́, wọ́n ní ó ti ń kún. Ó yà mí lẹ́nu. Bàbá arúgbó kan tó jẹ́ agbẹ́kànga nígbà èwe rẹ̀ ní kí wọ́n dúró. Ó so òkúta mọ́ okùn, ó sọ ọ́ sísàlẹ̀, okùn dẹ̀ ní ogún mítà. "Ó há lọ́nà," ó wí. "Òfìfo wà nísàlẹ̀."

Wọ́n ní láti fi ọ̀pá irin gún un títí ó fi já lọ sísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni bàbá yẹn kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń dà á: ìwọ̀nba, kí o dúró, kí o sọ okùn, kí o tún dà á, bí ìgbà tí à ń fi ẹ̀kọ bọ́ ọmọ ọwọ́. Àwọn obìnrin lọ bu amọ̀ wá létí odò. A mọ ọ́n ní róbótó-róbótó bí púpurú, a sì ń sọ ọ́ sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi náà mọ púpọ̀ nínú rẹ̀, ọwọ́ mi mọ iṣẹ́ yẹn láti ilé. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé òkè, ọ̀gá ní àpò sìmẹ́ǹtì kan ti tó. Mo ní kó jẹ́ méjì. Mo rántí ohun tí wọ́n máa ń tẹnu mọ́ fún wa lórí ọkọ̀, nípa kànga Macondo ní Amẹ́ríkà, oṣù Kẹrin 2010, níbi tí sìmẹ́ǹtì tí kò dí ohun tó yẹ kó dí wà lára ohun tó pa òṣìṣẹ́ 11. Ó yẹ kí n ti rántí rẹ̀ ṣáájú, nígbà tí mò ń sọ pé kò sí nǹkan nínú ihò gbígbẹ. Mo san owó àpò kejì.

Lọ́jọ́ kejì, nídìí obì, omi bú jáde ní mítà 42, ó fún gbogbo wa níwẹ̀. N kò ní pẹ́ lórí ìyẹn. Ẹni tó bá ti rí abúlé tó rí omi rí, ó ti mọ bí ó ṣe ń rí. Kìkì páìpù ni mo fẹ́ sọ. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ki késìǹ dé ìsàlẹ̀, nítorí àpáta ibi tí omi ti jáde ti fọ́ wẹ́wẹ́, kò lè dá dúró. Èyí tó ní ojú tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ lára, kí omi lè wọlé, ni wọ́n fi sí ọ̀gangan ibẹ̀. Èyí tí kò lójú ni wọ́n fi sí òkè. Òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n dà yí i ká láti máa sẹ́ iyanrìn. Amọ̀ tẹ̀ lé e, sìmẹ́ǹtì bò ó. Mo dúró tì wọ́n, n kò kọ́ ẹnikẹ́ni níṣẹ́. Nígbà tí wọ́n ń da amọ̀ sí ẹ̀yìn páìpù, bàbá agbẹ́kànga yẹn mú okùn rẹ̀ wá láìjẹ́ pé wọ́n pè é, ó ń wọ̀n ọ́n. Ọ̀gá jẹ́ kó wọ̀n ọ́n.

Àárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ lọ, àbúrò mi rọ omi kún kẹ́ẹ̀gì kan, ó ní kí n gbé e fún ìyá wa. Mo ní báwo ni mo ṣe máa gbé omi lọ sí Ìlàjẹ, àwọn èrò ọkọ̀ á fi mí ṣẹ̀sín. Ó ní kí wọ́n fi mí ṣẹ̀sín. Mo gbà á.

Mo lọ wá Ìyá Àgbà láti dágbére, mo bá a lẹ́yìnkùlé pẹ̀lú ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ó ti gé igi ewúro tuntun, ó ti gún un sórí ibi tí a sin ihò sí. Ó wá ń rìn bọ̀ láti ibẹ̀ sí igun ilé ìdáná, gìgísẹ̀ kan ń kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ kejì, ó ń kà á sókè. Ẹsẹ̀ 139. Lára ògiri ilé ìdáná, nínú, níbi tí òjò kò lè dé, nọ́ńbà kan ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹfun ni wọ́n fi kọ ọ́, èéfín sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó tán: 64. Ọkọ rẹ̀ ló kọ ìyẹn, fún kànga àkọ́kọ́.

Ọmọ náà fi èédú kọ 139 sábẹ́ rẹ̀. Ó tẹjú mọ́ méjèèjì.

"Ìyá Àgbà, ẹsẹ̀ ta la fi wọ̀n ọ́n? Tèmi kéré sí tiyín."

Ìyá Àgbà wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó wo nọ́ńbà ọkọ rẹ̀, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò wá sí lọ́kàn rí láti ọdún yìí wá.

"Kọ ọ́ síbẹ̀," ó wí. "Ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà."

Ọmọ náà gbé èédú sókè, ó sì dúró. Ó yíjú sí mi.

"Bọ̀ọ̀dá Eghó, sé ẹ máa ń fi àmì sábẹ́ 's' rẹ̀?"

"Rárá o," mo wí. "Tí o bá fi àmì sí i, ẹ̀ṣẹ̀ Ìyá Àgbà ni ò ń kọ sára ògiri yẹn."